Ta Ni Wọ́n Ń Ti Ìlẹ̀kùn Ìpàdé Ìlera Mọ́?

Ẹ jókòó, ẹ rọra kà á. Bí ẹnìkan bá wà nítòsí yín tí kò tíì mọ̀wé, ẹ kà á sókè kí òun náà lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ omi mímu. Ọ̀rọ̀ àga ni. Ta ni ó ń rí àga jókòó níbi ìpàdé ìlera? Ta ni wọn kì í pè rárá?

Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ kan dé sí abúlé. Wọ́n fẹ́ gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́, tàbí wọ́n fẹ́ pín àwọ̀n ẹ̀fọn, tàbí wọ́n fẹ́ bá àwọn aboyún sọ̀rọ̀. Wọ́n ta ìbòòji, wọ́n to àga. Àwọn ẹni ńlá jókòó níwájú. Onílù ń lù. Wọ́n gbé omi tútù fún àwọn àlejò.

Epo tí ọkọ̀ náà mu, owó ni. Ìbòòji yẹn, owó ni. Abẹ́rẹ́ àti oògùn, owó ni. Owó ta ni? Owó yín ni. Nígbà tí ẹ bá ra ọṣẹ tàbí ìṣáná, díẹ̀ nínú owó tí ẹ san ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ìyá tó ń san owó ọjà, òun náà dá nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìjọba yá owó náà lókè òkun ni, àwọn ọmọ yín ni yóò san án. Bí àwọn òyìnbó bá tilẹ̀ fi tọrẹ, orúkọ yín ni wọ́n fi gbà á. Nítorí náà, ẹni tó ṣètò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ìnáwó ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ lè yan ẹni tí yóò pè. Ẹni tó ń fi owó ìlú ṣe ìpàdé ìlú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo ìlú, ẹnìkan kì í ṣàìwà tí kì í lè dákẹ́. Ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ọkùnrin. Òun ni yóò béèrè ìdí tí oògùn fi tán láàárín oṣù. Òun ni yóò sọ pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ aboyún kan láìkọ ìwé fún un. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ajàfẹ́tọ̀ọ́. Inú àwọn ènìyàn kì í sábà dùn sí i. Òtítọ́ korò.

Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó sọ fún un lójú pé kó má wá. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á kéde ìpàdé fún gbogbo agbolé, wọ́n á fo tirẹ̀. Wọ́n á yí ọjọ́ padà, wọn kò ní sọ fún un. Bí ó bá dé, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bí ó bá nawọ́, wọn kò ní rí ọwọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfríkà tí ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè tóbi tó. Ibẹ̀ jìn sí Boni gidigidi, ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Áfríkà ni. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, a mọ̀ ọ́n níbí. Òun ni àwa ń pè ní sídà, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní éèdì.

Ní bí ọdún 2000, àìsàn yìí ń pa àwọn ará Gúúsù Áfríkà bí ẹni gé igi oko. Ó lé ní mílíọ̀nù 4 ènìyàn tí kòkòrò rẹ̀ wà lára wọn. Oògùn ti wà nígbà náà. Kì í pa kòkòrò náà tán, ṣùgbọ́n ó ń so ó mọ́lẹ̀, kí aláìsàn lè dìde, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó tọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wọ́n jù fún tálákà. Ààrẹ ibẹ̀ nígbà náà, Thabo Mbeki, sì ń ṣiyèméjì bóyá kòkòrò yẹn ló ń fa àìsàn náà. Mínísítà ìlera rẹ̀, Manto Tshabalala-Msimang, ń yin aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́, àti gbòǹgbò pupa kan tí àwọn elédè Faransé ń pè ní betterave. Aáyù dára nínú ọbẹ̀. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò lè so kòkòrò sídà mọ́lẹ̀.

Àwọn kan kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1998, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Cape Town. TAC ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Zackie Achmat wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Kòkòrò náà wà lára òun fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò ní lo oògùn náà títí àwọn tálákà yóò fi máa rí i gbà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ara rẹ̀ ń burú sí i. Nelson Mandela lọ kí i nílé ní ọdún 2002, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó lo oògùn. Ó kọ̀. Ọdún 2003 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, nígbà tí ìjọba gbà láti máa fún àwọn ènìyàn ní oògùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àti ọmọ. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní névirapine. Bí aboyún tó ní kòkòrò náà bá gbé hóró kan mì nígbà tó ń rọbí, tí wọ́n sì fi díẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í kó àìsàn náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní òun yóò fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún. Síbẹ̀, ìjọba ní ibi méjì péré ni wọn yóò ti máa fúnni ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Bí obìnrin bá bímọ ní ilé ìwòsàn mìíràn, dókítà rẹ̀ lè mọ oògùn náà, kò sì ní lè fún un.

TAC gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2002, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà dá ẹjọ́. Wọ́n ní TAC jàre. Wọ́n ní kí ìjọba jẹ́ kí àwọn ìyá rí oògùn náà gbà ní gbogbo ilé ìwòsàn rẹ̀ tí dókítà bá ti rí i pé ó yẹ.

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 2006, Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pe ìpàdé ńlá kan ní New York lórí àìsàn yìí. Wọ́n ṣe é láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹfà. Owó gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ aráàlú náà wá. Ṣùgbọ́n òfin ìpàdé náà ní ojú kan: bí ìjọba kan bá ní òun kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan wọlé, ẹgbẹ́ náà kò ní wọlé. Ìjọba Gúúsù Áfríkà lo òfin yẹn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ TAC. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó ń bá TAC ṣiṣẹ́, tí ń jẹ́ AIDS Law Project.

Ẹgbẹ́ tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé ó jàre, òun ni wọ́n ní kí ó dúró síta. Ìpàdé àìsàn ni, àwọn aláìsàn sì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bí ẹ bá pe ìpàdé lórí iṣu, ẹ ó ha lé àgbẹ̀ jáde?

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìpàdé mìíràn wáyé ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Ìjọba Gúúsù Áfríkà gba àyè níbẹ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo ayé. Kí ni wọ́n tò sórí tábìlì? Aáyù, ọsàn wẹ́wẹ́, àti gbòǹgbò pupa yẹn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ TAC wá síbẹ̀, wọ́n fẹ̀hónú hàn níwájú gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ ìparí, Stephen Lewis, aṣojú Àjọ Ìparapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ sídà ní Áfríkà, dìde lórí pèpéle, ó sì bá ìjọba náà wí kíkan kíkan. Ojú ti ọ̀pọ̀ nínú wọn nílé.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan yí padà. Igbákejì ààrẹ, Phumzile Mlambo-Ngcuka, gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Wọ́n tún ìgbìmọ̀ sídà orílẹ̀-èdè náà tò ní ọdún 2007. Mark Heywood, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú TAC, ni wọ́n fi ṣe igbákejì alága ìgbìmọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n tì síta ní ọdún kan, ní ọdún kejì wọ́n jókòó nídìí tábìlì. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè kan láyé tí ènìyàn tó ń lo oògùn yìí pọ̀ tó ti Gúúsù Áfríkà. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 5.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kú kò jí. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2008. Wọ́n ní láàárín ọdún 2000 sí 2005, ẹ̀mí tó lé ní 330,000 ló ṣòfò nítorí pé ìjọba kò tètè fún àwọn ènìyàn ní oògùn. Wọ́n ní ọmọ 35,000 ni a bí pẹ̀lú kòkòrò náà tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo ènìyàn Boni jọ, àgbà àti èwe, wọn kò tó àwọn ọmọ yẹn.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ará ọ̀nà jíjìn nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ wo Nàìjíríà tí kò jìnnà sí wa, tí àwọn ìbátan wa pọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, àwọn sójà gba ìjọba. Ọ̀gágun Sani Abacha ló sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lára ohun tó sọ ni pé ilé ìwòsàn ti bàjẹ́: kò sí oògùn, kò sí omi, ìmọ̀ràn dókítà nìkan ló kù níbẹ̀. Òótọ́ ni. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fúnra wọn dìde, tí wọ́n ń sọ ohun kan náà fún ìjọba ológun tuntun yìí. Dókítà Beko Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìjọba Buhari fi òfin de ẹgbẹ́ àwọn dókítà, wọ́n sì ti Beko mọ́lé. Ọ̀rọ̀ tí sójà fi gba ìjọba ni dókítà fi wọ ẹ̀wọ̀n.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, ìjọba náà wó. Beko jáde. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, ṣe mínísítà ìlera. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé kí ìtọ́jú dé abúlé, kí wọ́n gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n o.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ta ló sọ pé aráàlú ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ilé ìwòsàn? Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ló sọ ọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, wọ́n pàdé ní ìlú Alma-Ata, tí ó wà ní ilẹ̀ Kazakhstan lónìí. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú ètò ìlera wọn, àti pé ojúṣe wọn tilẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Benin wa gan-an wà lára àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n dán ètò kan wò ní Pahou, láàárín Kútọnu àti Ouidah. Aráàlú ń san owó díẹ̀ fún oògùn. Owó náà kò lọ sí Kútọnu. Ó ń dúró ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ń ra oògùn mìíràn, àwọn aráàlú sì ń bójú tó o. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ wà lára ohun tí àwọn mínísítà ìlera Áfríkà gbé yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n pàdé ní Bamako ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987. Láti ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti tàn káàkiri ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ń fi owó rẹ̀ ra oògùn gbọ́dọ̀ lè béèrè ibi tí owó náà wọ̀. Ìdí tí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn mẹ́ta bá jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n sì lé ẹni kẹrin tó ń béèrè, ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ni.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 pẹ̀lú sọ ọ́. Ẹsẹ 8 ní kí ìjọba jẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú rí ìtọ́jú bákan náà. Ẹsẹ 23 ní olúkúlùkù ní òmìnira láti ní èrò tirẹ̀ àti láti sọ ọ́ jáde. Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì yẹn dáadáa. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sọ yìí, aláriwo ni.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn TAC pàápàá, ohùn wọn le. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n fi ẹ̀sùn ikú àwọn aláìsàn kan mínísítà ìlera. Lójú tèmi, ìyẹn le jù. Alága ìpàdé ní agbára láti dá ẹni tó ń bú ènìyàn lẹ́kun. Ó lè ní kí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ó sì jókòó. Bí ó bá gbé òkúta, kí wọ́n mú un jáde lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe nínú ìpàdé ni wọ́n á fi dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò béèrè. Ẹ sì jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i: bí ó bá purọ́ pé oògùn tán, ẹ ṣí àpótí oògùn hàn án lójú gbogbo ènìyàn. Irọ́ rẹ̀ yóò parí níbẹ̀. Bí ẹ bá lé e jáde, gbogbo abúlé yóò gbà pé àpótí ṣófo.

Ẹ̀yin tí ẹ lè kọ̀wé báyìí, agbára kan wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ìpàdé, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ tiyín. Bí wọn kò bá kéde ìpàdé fún yín, ẹ má lọ bá wọn jà lójúde. Ẹ kọ ìwé. Kí ó kúrú. Ó lè rí báyìí:

“Bàbá Alága, mo kí yín. Èmi ọmọ Boni ni mo kọ ìwé yìí. A ṣe ìpàdé ìlera ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, n kò gbọ́ ìkéde rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí èyí tó ń bọ̀ yóò wáyé, àti ibi tí a ó ti ṣe é. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa oògùn ibà àwọn ọmọdé. Ẹ ṣeun, sà.”

Bí alága bá jẹ́ obìnrin, ẹ kọ “Ìyá Alága.” Bí ìwé náà yóò bá dé ọ́fíìsì ní Ṣábẹ, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ ní èdè Faransé lábẹ́ tiyín. Ẹ kọ ọjọ́ sórí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí èkejì, kí ẹ sì mú un lọ sílé, kí ẹ fi sínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa á.